Ẹ̀rọ Tó Ń Gẹ Ewé àti Ìkíni Àgbà

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń ro iṣẹ́ tí ẹ ó fi ayé yín ṣe, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ tèmi. Ẹlòmíràn á sọ fún yín pé tíṣà lòun ṣe, ẹlòmíràn á ní òun wa ọkọ̀ ojú irin. Iṣẹ́ tèmi kò ní orúkọ ńlá. Ògiri ewé ni mo ń gẹ̀, àwọn igi kúkúrú tí wọ́n gbìn yí ilé ìjọba ká, tí wọn kò fẹ́ kó dàgbà kọjá àyà ènìyàn. Ẹ̀rọ tí a fi ń gẹ̀ ẹ́ ni mo sì ń tọ́jú títí mo fi fẹ̀yìn tì. Bí mo bá sọ ọ́, àwọn ọmọ-ọmọ mi a rẹ́rìn-ín, wọn a ní, "Bàbá àgbà, ṣé ewé náà lẹ fi kọ́lé yìí?" Mo máa ń dá wọn lóhùn pé ewé náà ni, òun náà ni mo fi fẹ́ ìyá àgbà wọn, tó sì kù díẹ̀ kó gbà á lọ́wọ́ mi.

Ọmọ aláró ni mí ní Òṣogbo, Mùsùlùmí ni wá láti ọ̀dọ̀ bàbá bàbá mi. Mùráínà ni wọ́n sọ mí. Mùráí ni gbogbo ayé ń pè mí. Ìgbà tí mo parí ìwé mẹ́fà, ẹ̀gbọ́n bàbá mi mú mi lọ sí Iléṣà, sí ọ́fíìsì kan tó ń tọ́jú àyíká ilé àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba, wọ́n sì gbà mí. Owó tí wọ́n ń san kò tó ohun tí à ń jókòó sọ. Ẹ jẹ́ kí a lọ síbi tí ọ̀rọ̀ wà.

Ọ̀gá Fáladé ni wọ́n fi mí sí lọ́wọ́. Ọmọ Iléṣà gidi ni, àgbà ìjọ ni nínú ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀, ènìyàn kúkúrú tí kì í pariwo, ṣùgbọ́n tí ojú rẹ̀ le. Ìjẹ̀ṣà pọ́ńbélé ló ń sọ: ilé a di ulé, iṣẹ́ a di uṣẹ́ lẹ́nu rẹ̀. Nígbà tí mo dé, àlùmọ́gàjí ọlọ́wọ́ gígùn ni wọ́n fi ń gẹ ewé. Ọ̀gá kò jẹ́ kí n fọwọ́ kàn án. Ewé ni mo ń gbá, ewé ni mo ń kó dànù, bó bá sì di ìrọ̀lẹ́, mo ń fi epo òyìnbó nu oje kúrò lára irin. Mo bínú títí. Mo rò pé ọkùnrin náà kò fẹ́ kí n mọ iṣẹ́ ni.

Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rọ dé. Òyìnbó kan ló kọ́kọ́ gbé e wá, ó fi han ọ̀gá, ó sì fi í sílẹ̀ nígbà tó ń lọ sílé. Ẹ̀rọ náà gùn ju apá àgbà lọ. Ẹ́ńjìnnì wà nídìí rẹ̀, irin pẹlẹbẹ méjì tó léra wọn sì yọ síwájú, ehín tò sí wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́, irin kan a máa lọ, èkejì a máa bọ̀, ohunkóhun tó bá sì bọ́ sáàárín wọn ti di méjì. A sọ ọ́ ní Onígbàjámọ̀, nítorí orí ewé ló ń fá.

Mo ní bùbá kan nígbà náà tí ìyá mi rán fún mi fún ọdún Iléyá, apá rẹ̀ fẹ̀, ó sì dára lójú mi. Mo wọ̀ ọ́ wá síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ tí ọ̀gá ní òun fẹ́ fi Onígbàjámọ̀ lé mi lọ́wọ́ fún ìgbà àkọ́kọ́. Ó wò mí láti òkè délẹ̀. Ó mú àlùmọ́gàjí, ó di apá bùbá mi mú, ó sì gé e dé ìgbọ̀nwọ́, apá ọ̀tún àti apá òsì. Omi bọ́ lójú mi.

"Ọ̀gá, aṣọ ọdún mi ni."

"Aṣọ ni mo gé," ló wí. "N kò gé ọwọ́. Ẹ̀rọ yìí kì í mọ̀yàtọ̀."

N kò jẹun ọ̀sán lọ́jọ́ náà nítorí ìbínú. Gbénró, tí a jọ ń kọ́ṣẹ́, ló wá jókòó tì mí, ó fi ẹ̀wà rẹ̀ bẹ̀ mí. Ọmọ Ẹ̀sà-Òkè ni Gbénró, ó fi díẹ̀ jù mí lọ. Ọmọ tó mọ ènìyàn-án kí ni. Kò sí àgbà tó lè kọjá lójú ọ̀nà tí Gbénró kò ní dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún, ì báà jẹ́ nínú ẹrẹ̀. Àwọn ìyá tó ń kọjá lọ sọ́jà a máa fi í bú àwọn ọmọ tiwọn.

Ohun tí ọ̀gá Fáladé kọ́ wa nípa ẹ̀rọ náà pọ̀, n ó sì sọ díẹ̀, nítorí mo ń rí àwọn ọ̀dọ́ tó ń lo irú rẹ̀ lónìí bí ẹni ń fi abẹ̀bẹ̀ ṣeré. Pẹtiróòlù nìkan kì í wọ inú rẹ̀. A máa ń lú u pọ̀ mọ́ ẹ́ńjìnnì ọ́ìlì nínú agolo tó mọ́, a ó mì í, kí a tó dà á sí i. Ẹni tó bá da pẹtiróòlù lásán sínú rẹ̀ ti pa á; inú ẹ́ńjìnnì a gbẹ, a sì há. A kì í bu epo sí i nígbà tó bá gbóná. Ọ̀gá á ní ká gbé e sábẹ́ igi, ká lọ mu omi, kó tutù. Mo fi í ṣẹ̀fẹ̀ lọ́jọ́ kan, mo ní, "Ọ̀gá, ṣebí wọ́n ní ẹ̀yin Ìjẹ̀ṣà kì í rídìí ìṣáná, ilé lẹ ti ń múná roko. Ẹ wá ń bẹ̀rù iná."

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Oko ni wọ́n ní a ń mú un lọ. Wọn ò ní ìdí pẹtiróòlù."

Èyí tó tẹnu mọ́ jù ni púlọ́ọ̀gì. Ọwọ́ kò gbọdọ̀ kan ehín ẹ̀rọ láìjẹ́ pé a ti yọ wáyà tó wà lórí púlọ́ọ̀gì kúrò, nítorí ẹ́ńjìnnì tí ẹ rò pé ó ti kú lè jí bí ẹ bá fi ọwọ́ ti ehín rẹ̀ síwá sẹ́yìn. Bí a bá ti yọ ọ́, a ó fi búrọ́ọ̀ṣì gbọn ewé kúrò láàárín ehín, a ó nu oje rẹ̀, a ó fi òróró fẹ́ẹ́rẹ́ pa á. Bí ehín bá kú, fáìlì la fi ń pọ́n ọn, ìhà kan náà tí ilé iṣẹ́ ti dagun sí la ó sì máa tẹ̀lé. Gbogbo nọ́ọ̀tì la ó fi sípánà dán wò, torí gbígbọ̀n ẹ̀rọ a máa tú wọn. Kí a tó gẹ ògiri ewé kankan, a ó fi ọ̀pá tú inú rẹ̀ wò, bóyá ẹnìkan fi wáyà sá aṣọ síbẹ̀, tàbí agbọ́n kọ́lé sí i. Igi gánńgán má gùn mí lójú, òkèèrè la ti í wò ó. Bí ọ̀gá bá rí ewé kan ṣoṣo tó há sí ehín ẹ̀rọ lálẹ́, á ní kí n tú gbogbo rẹ̀, kí n tún bẹ̀rẹ̀.

"Kí ni ò ń kánjú sí, Mùráí? Ulé kọ́ ló ń jó. Uṣẹ́ tí ùwọ bá kánjú ṣe, ùwọ náà ni ó tún un ṣe."

Pẹ̀lú gbogbo òfin wọ̀nyí, ohun kan wà tí kò sí lọ́kàn ẹnikẹ́ni nínú wa. Òyìnbó tó ṣe ẹ̀rọ náà kò lè mọ̀ ọ́n, nítorí nílùú tiwọn, ènìyàn kì í dojú bolẹ̀ kí àgbà.

Ẹ̀rọ ayé ìgbà náà, bí ẹ bá jọ̀wọ́ ibi tí a ń tẹ̀, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kì í kú. Á máa dún jẹ́jẹ́, ehín rẹ̀ á sì máa rìn díẹ̀díẹ̀ títí ẹ ó fi pa á. Òwúrọ̀ ọjọ́ kan, a ń ṣiṣẹ́ níwájú ilé ńlá kan ní Iléṣà. Sìmẹ́ńtì ni wọ́n fi tẹ́ iwájú ilé náà. Gbénró ló mú ẹ̀rọ lọ́wọ́, èmi ń kó ewé lẹ́yìn ilé. Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀, ẹni tó tọ́ ọ dàgbà lẹ́yìn tí bàbá rẹ̀ kú, wá láti Ẹ̀sà-Òkè. Ó ti ń wá a kiri, kò tíì rí i láti ọdún tó kọjá. Ó pè é láti ẹnu ọ̀nà.

Gbénró yíjú, ó rí i, inú rẹ̀ dùn. Ó gbé ẹ̀rọ sílẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì, kò pa á, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bàbá náà bẹ̀rẹ̀ sí í wúre fún un. Ẹ mọ bí àgbà tó pẹ́ tó ti rí ọmọ rẹ̀ ṣe ń wúre. Kì í tètè parí. Ọlọ́run á dá ẹ sí. O ò ní rìn ní ọjọ́ tí ebi ń pa ọ̀nà. Wàá fi ọmọ tirẹ náà ṣayọ̀. Gbénró ń ṣe àmín, ojú rẹ̀ wà nílẹ̀, kò gbé e sókè, ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́ kì í gbójú sókè nígbà tí wọ́n bá ń súre fún un. Ẹ́ńjìnnì ń gbọ̀n lórí sìmẹ́ńtì tó ń dán, ó sì ń fi gbígbọ̀n rìn. Ó rìn lọ bá ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀.

Ibi tí mo wà ni mo ti gbọ́ tí ohùn ẹ̀rọ yí padà, bó ti máa ń yí bó bá pàdé igi líle. Mo sáré dé ibẹ̀, mo fa wáyà púlọ́ọ̀gì yọ. Ìka ọwọ́ ọ̀tún Gbénró méjì ti lọ. Bàbá náà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ṣí fìlà. Èmi àti ọ̀gá la gbé Gbénró lọ sílé ìwòsàn. Ọ̀gá Fáladé tí n kò rí kó rẹ́rìn-ín ní àrínjù rí, ó sunkún lójú ọ̀nà bí ọmọdé, ó ń wí pé, "N kò sọ fún un. Gbogbo rẹ̀ ni mo sọ, n kò sọ ìyẹn." Ó dùn mí títí di òní yìí.

Nígbà tí ọwọ́ náà jinná, ọ̀gá gba Gbénró padà, ó fi í sídìí pípo epo àti pípọ́n ehín ẹ̀rọ, ó sì kọ́ ọ bí yóò ṣe máa fi ọwọ́ òsì ṣe é títí ó fi mọ̀ ọ́n ju èmi lọ. Ó wá pe gbogbo wa jọ, ó ní òfin kan wọlé lónìí. "Ẹni tó bá mú ẹ̀rọ yìí lọ́wọ́ kò ní bàbá, kò ní ìyá, kò ní ọba. Pa á. Jẹ́ kí ehín rẹ̀ dúró. Gbé e sílẹ̀, yọ púlọ́ọ̀gì, kí o tó kí ẹnikẹ́ni. Bí ènìyàn bá sì ń súnmọ́ ọ, na ọwọ́ sí i kó dúró níbi tó wà. Bó bá bínú, á tújú ká. Ìka kì í tún hù." Kò pẹ́ tí àwọn ará àdúgbò fi ń sọ pé àwọn tó ń gẹ ewé ti di onígbèéraga. A jẹ́ kí wọ́n máa sọ ọ́.

Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé mi padà sí Òṣogbo, tí wọ́n fi ẹ̀rọ kan àti gbogbo ògiri ewé àwọn ilé ìjọba ibẹ̀ lé mi lọ́wọ́. Níbẹ̀ ni mo ti mọ Sìfáwù. Igbọ̀nà ni ilé wọn wà. Bàbá rẹ̀, Alfa Yéésúfù, ló ń rán fìlà, ẹni pẹ̀lẹ́ ni, ẹni tí kì í fi ọ̀wọ̀ ara rẹ̀ ṣeré. Àwọn òbí mi ti lọ tọrọ, wọ́n ti gbà, a ti ń sọ ọjọ́ yìgì. Kò sí ohun tí mo fẹ́ láyé nígbà náà ju ọmọ náà lọ.

Ọ̀sán ọjọ́ Jímọ̀ kan, mo ń gẹ ewé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, ariwo ẹ̀rọ gba etí mi kan. Bí mo ṣe yíjú báyìí, agbádá funfun ni mo rí, ó ti súnmọ́ mi, afẹ́fẹ́ sì ń fẹ́ apá rẹ̀ wá sọ́dọ̀ ehín ẹ̀rọ. Alfa Yéésúfù ni. Òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì ń bọ̀ láti mọ́ṣáláṣí, ó fẹ́ fi ọkọ ọmọ rẹ̀ hàn wọ́n. Ọwọ́ ọ̀tún mi wà níbi tí a ń tẹ̀ lára ẹ̀rọ. Ọwọ́ òsì ló ṣófo. Mo na àtẹ́lẹwọ́ òsì sí i lójú, kó dúró.

Ó dúró. Mo pa ẹ̀rọ, mo dúró kí ehín rẹ̀ parọ́rọ́, mo gbé e sílẹ̀, mo yọ púlọ́ọ̀gì, mo yíjú láti dọ̀bálẹ̀. Ẹ̀yìn wọn ni mo rí. Wọ́n ti ń lọ, agbádá náà ń fẹ́ lẹ́lẹ́, kò wo ẹ̀yìn.

Ẹ mọ ohun tí mo ṣe. A kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé bàbá ẹni. Èmi wá nà án sí bàbá ìyàwó lójú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀. Lálẹ́, Sìfáwù rán àbúrò rẹ̀ pè mí sí ẹ̀yìnkùlé, ojú rẹ̀ ti wú.

"Bàbá ní ọwọ́ òsì lo fi lé àwọn bí ẹni ń lé adìẹ. Wọ́n ní kò sí yìgì mọ́."

"Sìfáwù, agbádá wọn ló fẹ́ kó sẹ́nu ẹ̀rọ."

"Mo gbà ọ́ gbọ́. Ṣùgbọ́n wọn ò fẹ́ gbọ́ orúkọ rẹ."

Mo lọ dọ̀bálẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà wọn. Alfa gba ẹ̀yìn ilé jáde. Bàbá mi lọ, wọ́n fún un lómi, wọn kò fún un lésì. Àwọn òbí mi rán lèmọ́ọ̀mù àdúgbò sí i, Alfa ní, "Ọmọ tó na ọwọ́ òsì sí mi lónìí, kí ni yóò nà sí ọmọ mi lọ́la?" N kò rí oúnjẹ jẹ. Mo rò ó pé kí n fi iṣẹ́ náà sílẹ̀, kí n padà sídìí aró, ṣùgbọ́n ìyẹn kò ní kó ọwọ́ òsì náà kúrò lójú bàbá náà.

Mo lọ sí Iléṣà lọ gba ehín ẹ̀rọ tuntun, ọ̀gá Fáladé sì rí ojú mi. Ó ní kí n sọ ọ́. Mo sọ ọ́ tán.

"Òfin mi ló fẹ́ gba ìyàwó lọ́wọ́ rẹ," ló wí. "N ó bá ẹ lọ. Gbénró náà á bá wa lọ."

Ọjọ́ Àìkú la dé Igbọ̀nà. Ọ̀gá dọ̀bálẹ̀ fún Alfa bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹgbẹ́ ni wọ́n, ó ní, "Alfa, wọ́n ní Ìjẹ̀ṣà ni ẹ̀yin ará Òṣogbo ti wá. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀gbọ́n wá bẹ àbúrò." Alfa fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó gbé e mì. Ó ní kí wọ́n jókòó, ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ bá jẹ́ ti Mùráínà, kí wọ́n má ṣe wàhálà. Èmi dúró lẹ́nu ọ̀nà.

Gbénró ló kàn láti kí i. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja bó ti máa ń ṣe. Alfa na ọwọ́ láti fà á dìde, ọwọ́ ọ̀tún Gbénró sì bọ́ sí i lọ́wọ́. Ó wò ó. Kò jọ̀wọ́ rẹ̀.

"Ọmọ mi, kí ló ṣe ọwọ́ rẹ?"

"Ìkíni ni, bàbá."

Alfa wo ọ̀gá, ó tún wo Gbénró. "Ìkíni báwo?"

"Mo gbé ẹ̀rọ sílẹ̀, n kò pa á. Mo dọ̀bálẹ̀ fún bàbá mi. Wọ́n ń wúre fún mi, mo ń ṣe àmín. Ẹ̀rọ rìn wá bá mi nílẹ̀, n kò gbójú sókè." Ó fi ọwọ́ kejì tọ́ka sí mi. "Mùráí ló fa wáyà rẹ̀ yọ. Ẹ̀jẹ̀ mi wà lára aṣọ rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Láti ìgbà náà ni ọ̀gá wa ti ní kí a máa na ọwọ́ sí ẹnikẹ́ni tó bá súnmọ́ wa. Ọ̀tún ló máa ń di ẹ̀rọ mú, bàbá. Òsì nìkan ló ń kù."

Alfa Yéésúfù gbé apá agbádá rẹ̀ sókè, ó fọwọ́ tọ́ etí aṣọ náà yíká. Mo rí i pé ó ń rántí afẹ́fẹ́ ọjọ́ náà. "Súbúhánàllàhì," ló wí, jẹ́jẹ́. Ó wá yíjú sí mi.

"Kí ló dé tí o kò sọ fún mi?"

"Ẹ ò jẹ́ kí n rí yín, bàbá."

"Òótọ́ ni. N kò jẹ́ kí o rí mi." Ó ní kí n wọlé. Mo dọ̀bálẹ̀, ó jẹ́ kí n pẹ́ nílẹ̀ díẹ̀, ó wá gbé ọwọ́ lé mi lórí. "Mùráínà, gbọ́ mi dáadáa. Láti òní lọ, bí o bá wà nídìí ẹ̀rọ náà, má kí mi. Bí mo bá dé, bí mo bá pè ọ́, bí àwọn ẹgbẹ́ mi bá wà níbẹ̀, má kí mi. Ọwọ́ rẹ méjèèjì ni kí o máa kó délé bá ọmọ mi."

Ẹkún ni mo sun sílẹ̀ níbẹ̀, n kò tijú. Mo gbọ́ tí Sìfáwù ń sunkún tirẹ̀ lẹ́yìn ilẹ̀kùn.

A ṣe yìgì lẹ́yìn ààwẹ̀. Iṣẹ́ ń lọ, ẹ̀rọ ń yí padà. Èyí tó dé nígbà tí àwọn ọdún 1970 ń parí lọ ní irin kan níwájú ọwọ́, bí ẹ bá sì jọ̀wọ́ rẹ̀, ehín rẹ̀ á dúró lójú ẹsẹ̀. Lẹ́yìn náà ni èyí tó ń lo iná mànàmáná dé, tí a tún ní láti ṣọ́ wáyà rẹ̀ kí a má baà fúnra wa gé e. Mo tọ́jú gbogbo wọn bí ọ̀gá ṣe kọ́ mi. Ẹ̀rọ tí wọ́n ní kò léwu, ẹ má gbà wọ́n gbọ́. Ẹ pa á kí ẹ tó fọwọ́ kàn án. Bí ẹ bá fẹ́ ṣe irú iṣẹ́ yìí, ẹ ṣe é, kò sí ohun tó bù kù nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wá ọ̀gá tó lè gé aṣọ yín.

Àna mi pẹ́ láyé lẹ́yìn náà. Bó bá ń kọjá níbi tí mo ti ń ṣiṣẹ́, tó sì gbọ́ ariwo ẹ̀rọ, ó máa ń bọ́ sí òdìkejì ọ̀nà, á yí ojú sí ẹ̀gbẹ́ kan bí ẹni tí kò mọ̀ mí rí, á sì kọjá lọ. Àwọn tó ń wò wá máa ń sọ pé bàbá yẹn kò fẹ́ràn ọkọ ọmọ rẹ̀ rárá. N kò dá wọn lóhùn. N kò rí ẹni tó fẹ́ràn mi tó o láyé yìí.